Sílíńdà 1 àti 4 máa ń kú bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná: Honda CB750 ọdún 1976

Àkànní Òkè-Àdó béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń tọ́jú alùpùpù àtijọ́, mo kí yín o. Honda CB750 kan wà nílé wa ní Òkè-Àdó, ti ọdún 1976, tí bàbá mi kó wálé láti Ìlú Ọba nígbà tí wọ́n parí ẹ̀kọ́ wọn. Wọ́n gùn ún títí orúnkún fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, wọ́n sì gbé e sábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìnkùlé, níbi tí ó jókòó sí fún ọdún 11 gbáko. Bàbá ṣì wà láyé, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Wọ́n sọ fún mi pé ohun kan tí àwọn ṣì fẹ́ fi etí gbọ́ ni ohùn páìpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn bí ó bá ń gun òkè Mókólá, èmi náà sì ti pinnu pé wọn yóò gbọ́ ọ.

Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé àti ìrọ̀lẹ́. Mo fọ tánkì epo, mo pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tí epo ń gbà kọjá, mo ra bátìrì tuntun, mo pààrọ̀ ọ́ìlì, mo sì fi pọ́lọ́ọ̀gì tuntun D8EA mẹ́rin sí i. Pọ́lọ́ọ̀gì yìí kò fún mi ní wàhálà rárá, nítorí irú rẹ̀ náà ni Honda CG125 tí àwọn ọlọ́kadà ń gùn máa ń lò, ó sì pọ̀ ní ọjà Àràròmí ní Àgódi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì, ẹ́ńjìnnì náà jí, sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́, ìyá mi sì sáré jáde láti ilé ìdáná.

Ìṣòro tí mo ní nìyí. Bí mo bá gùn ún fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, ohùn rẹ̀ á yí padà lójijì, agbára rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀ bíi pé mo gbé ẹrù àpò sìmẹ́ńtì méjì sẹ́yìn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi nítòsí Dùgbẹ̀. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lọ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, mo wá ta omi inú ọ̀rá sí ara páìpù kọ̀ọ̀kan. Ti sílíńdà 2 àti 3 gbẹ lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Ti 1 àti 4 kàn ń ṣàn lọ sílẹ̀. Nígbà tí mo pa á, tí mo fi í sílẹ̀ fún ààbọ̀ wákàtí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tún jí, mo sì gùn ún délé kí ó tó tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Mẹkáníìkì kan ní àdúgbò wa, tí ó mọ iṣẹ́ ọ̀kadà dáadáa, sọ pé kábúrétọ̀ ni. Ó ti tú kábúrétọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta báyìí, ó sì ti ki wáyà tín-ín-rín bọ àwọn ihò kéékèèké inú rẹ̀ láti fi là wọ́n. Kò sí ìyàtọ̀. Ẹlòmíràn ní kí n yọ gbogbo ètò iná àtijọ́ náà dànù, kí n fi ti ìgbàlódé sí i. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ wò kí n tó tún ná owó mìíràn?

Bàbá Rìwáyà Àgódi dáhùn pé:

Ọmọ mi Àkànní, bá mi kí bàbá àti ìyá. Mo ka ohun tí o kọ lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí mo sì fẹ́ kí o ṣe ni pé kí o má tíì ra ohunkóhun. Omi tí o ta sí páìpù ní Dùgbẹ̀ ti fi ibi tí àrùn náà wà hàn ọ́, ó ku kí a tẹ̀ lé e débẹ̀.

Wò ó báyìí. Kábúrétọ̀ mẹ́rin ni CB750 ní, sílíńdà kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀. Bí ìdọ̀tí bá dí ọ̀kan, sílíńdà kan ṣoṣo ni yóò kú. Bí ó bá sì dí méjì, kò sí ìdí kankan tí yóò fi jẹ́ ti ìpẹ̀kun ọ̀tún àti ti ìpẹ̀kun òsì ní gbogbo ìgbà, tí wọn yóò jọ kú, tí wọn yóò sì tún jọ jí bí ara ẹ́ńjìnnì bá ti tutù. Ó yẹ kí á bi ara wa léèrè ohun tí 1 àti 4 jọ ń pín lò, tí 2 àti 3 kò bá wọn pín. Iná ni. Kọ́ìlì, èyí tí ó ń sọ iná bátìrì di iná ńlá fún pọ́lọ́ọ̀gì, méjì péré ló wà lábẹ́ tánkì epo náà, ọ̀kan ń bọ́ 1 àti 4, èkejì ń bọ́ 2 àti 3. Nígbà tí kọ́ìlì kan bá ta iná, pọ́lọ́ọ̀gì méjèèjì tí ó so mọ́ ọn ló ń gbà á lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan ń jó epo tí písítìnì ti fún pọ̀, èkejì ń ta sí èéfín tí ó ń jáde lọ, kò sì ṣe iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan tún ní kọ́ńtáàtì tirẹ̀ (irin kékeré méjì tí ó ń padé, tí ó sì ń ṣí láti gé iná kọ́ìlì) àti kọndẹ́ńsà tirẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ó ń pa 1 àti 4 pọ̀ wà ní ojú ọ̀nà yẹn: kọ́ńtáàtì, kọndẹ́ńsà, kọ́ìlì, tàbí wáyà tí ó so wọ́n pọ̀.

Nínú àwọn wọ̀nyí, èyí tí ó máa ń ṣàìsàn nígbà tí ó bá gbóná, tí ara rẹ̀ á sì yá bí ó bá tutù, ni kọndẹ́ńsà àti kọ́ìlì. Kọndẹ́ńsà ni mo kọ́kọ́ fura sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé, nígbà tí kọ́ńtáàtì bá ṣí, iná tí ó ń kọjá níbẹ̀ máa ń fẹ́ fò kọjá àlàfo náà. Kọndẹ́ńsà á gbé e mì, agbára inú kọ́ìlì á wó lulẹ̀ lójijì, wíwó òjijì yẹn gan-an ló sì ń bí iná ńlá tí ó ń dé orí pọ́lọ́ọ̀gì. Bí inú kọndẹ́ńsà bá ti gbó, ooru á mú kí ó máa jò, iná pọ́lọ́ọ̀gì á rọ, ojú kọ́ńtáàtì á sì máa jóná.

Èyí ni ìdánwò tí kò ní ná ọ ní kọ́bọ̀. Ṣí ìdérí róbótó tí ó wà lápá ọ̀tún ẹ́ńjìnnì. Wàá rí kọ́ńtáàtì méjì. Èyí tí wáyà rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ búlúù ni ti 1 àti 4, èyí tí ó jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè ni ti 2 àti 3. Kọ́kọ́ wo ojú wọn. Bí ti búlúù bá dúdú, tí ó sì ní kòtò ju ti ìyeyè lọ, ìyẹn ti jẹ́ ẹ̀rí. Bí ilẹ̀ bá ṣú díẹ̀, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ kí o sì wo àárín wọn: iná búlúù ńlá tí ó ń tàn wàì wàì láàárín kọ́ńtáàtì kan ṣoṣo kì í ṣe ohun tó dára. Lẹ́yìn náà, pa á, kí o sì pààrọ̀ ìdí wáyà kọndẹ́ńsà méjèèjì, kí ti búlúù lọ sí ìyeyè, kí ti ìyeyè wá sí búlúù. Má fọwọ́ kan ohun mìíràn. Gùn ún títí yóò fi gbóná. Bí 2 àti 3 bá wá jẹ́ àwọn tí ó kú, o ti mú olè. Bí ó bá ṣì jẹ́ 1 àti 4, a ó wá lọ bá kọ́ìlì.

Ní ti wáyà tí mẹkáníìkì rẹ ki bọ kábúrétọ̀, inú mi kò dùn sí i. Jẹ́ẹ̀tì kékeré tí wọ́n kọ 40 sí lára, ihò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wáyà irin fi lè fẹ̀ ẹ́ lójú láìjẹ́ pé ojú rí i, bí ó bá sì ti fẹ̀, epo á máa pọ̀ jù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra ṣiṣẹ́. Epo ìfọ̀ àti afẹ́fẹ́ láti ọ̀dọ̀ fọ́kànáísà ni a fi ń là á. Ọ̀rọ̀ wọn yóò padà wá lẹ́yìn tí iná bá ti dára. Ẹ má jọ da méjèèjì pọ̀.

Adúkẹ́ Bódìjà dáhùn pé:

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọ̀rọ̀ yín yé mi kedere, èmi náà yóò sì ṣe ìdánwò kọndẹ́ńsà kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ̀gbọ́n Àkànní, mo fẹ́ fi àwọn nǹkan tí a lè fi mítà wọ̀n kún un, nítorí èmi kì í gba ojú nìkan gbọ́ níbi iná.

Bí ìdánwò Bàbá bá fi hàn pé kì í ṣe kọndẹ́ńsà, ẹ yọ wáyà kọ́ìlì méjèèjì, kí ẹ sì wọn apá tí iná bátìrì ń gbà wọlé. Ó yẹ kí ẹ rí nǹkan bí 4.5 óòmù, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé kí kọ́ìlì méjèèjì súnmọ́ra wọn. Ẹ wọ̀n wọ́n nígbà tí ara wọn tutù, ẹ tún wọ̀n wọ́n ní gbàrà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ó bá ń ṣe yín. Èyí tí ó bá yí padà gidigidi láàárín méjèèjì ni ẹ óò fura sí. Ẹ wo fìlà pọ́lọ́ọ̀gì náà, nítorí rọ́bà tí ó ti ju 40 ọdún lọ máa ń sán, iná á sì máa gba ibẹ̀ sá lọ sí ara irin.

Mo ti rí àwọn tí ó sọ pé kí a fura sí bọ́tìnnì ìpaná tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀tún tàbí àpótí fíúsì. Òótọ́ ni pé ibẹ̀ máa ń dógùn-ún, iná tí ó ń dé kọ́ìlì á sì dín kù. Ṣùgbọ́n wáyà dúdú aláfunfun kan náà ló ń gbé iná lọ bá kọ́ìlì méjèèjì, nítorí náà bí ó bá jẹ́ ibẹ̀ ni, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ì bá máa ṣàárẹ̀. Ẹ fọ ibẹ̀ nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni àrùn yìí wà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó kan Ìbàdàn wa gan-an. Ẹ̀rọ tí ó ń gbaná sínú bátìrì CB750 kò dà bí ti ọ̀kadà. Ti ọ̀kadà ní òòfà inú tirẹ̀; ti CB750 kò ní, bátìrì fúnra rẹ̀ ló ń fún un ní iná tí yóò fi di òòfà kí ó tó lè pèsè iná padà. Gbogbo ohun tí ó lè pèsè kò ju 210 wáàtì lọ, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá sì ń yí 5,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan ni. Nígbà tí ẹ bá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Mókólá dé Dùgbẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì kàn ń rọra mí, tí iná iwájú sì ń tàn, bátìrì ń ná ju ohun tí ó ń gbà lọ. Ẹ jẹ́ kí mítà wà lára bátìrì fún ìdánwò kan: ní ìdákẹ́, kí ó tó 12.6 fólítì, bí ẹ bá fún un ní epo títí dé 3,000, kí ó gòkè kọjá 14. Bí kò bá gòkè, ẹ má dá bátìrì lẹ́bi. Èmi fi gílóòbù LED sí iwájú ti mi, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì hàn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ sì máa ṣọ́ epo tí ẹ ń rà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, nígbà tí epo tí methanol inú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí ìjọba fọwọ́ sí lọ wọ orílẹ̀-èdè yìí, rọ́bà inú kábúrétọ̀ ti mi wú débi pé wọn kò wọ àyè wọn mọ́. Bí ẹ kò bá ní gun alùpùpù náà fún oṣù kan, ẹ tú epo inú abọ́ kábúrétọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dànù.

Túndé Ìwó Road dáhùn pé:

Mo júbà Bàbá Rìwáyà, mo sì kí Arábìnrin Adúkẹ́. Níbi kan péré ni n kò ti bá yín lọ. Ọmọ yìí yóò rí ohun tí ó bàjẹ́ pẹ̀lú ìdánwò yín, ó dájú. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ó bá ti rí i, èmi yóò gbà á nímọ̀ràn pé kí ó yọ kọ́ńtáàtì àti kọndẹ́ńsà kúrò, kí ó fi Dyna S, ètò iná ìgbàlódé tí kò lo kọ́ńtáàtì, sí i. Mo fi sí ti mi, láti ìgbà náà ni n kò ti tún ṣí ìdérí yẹn fún ìwọ̀n àlàfo mọ́. Kò sí ohun tí ó ń jẹ níbẹ̀, kò sí ojú tí ó ń jóná.

Ohun tí ó mú mi kọ̀wé gan-an ni pé Àkànní sọ pé òun ti pààrọ̀ ọ́ìlì, kò sì sọ irú èyí tí ó rọ sí i. Àbúrò, bí ó bá jẹ́ ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n kọ sí lára pé ó ń dín epo kù ni, tú u dànù. Ọ́ìlì kan náà ló ń wẹ ẹ́ńjìnnì àti kíláàṣì CB750, èròjà tí wọ́n pò mọ́ irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ kí ó lè máa yọ̀ yóò sì mú kí kíláàṣì náà máa yọ̀. Wá èyí tí wọ́n kọ JASO MA sí lára, àmì ọ́ìlì alùpùpù tí kì í mú kíláàṣì yọ̀, 10W-40 tàbí 20W-50, ọ̀dọ̀ ẹni tí o gbẹ́kẹ̀ lé ni kí o sì ti rà á, nítorí ayédèrú pọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni pé ọ́ìlì rẹ̀ kò gbé inú ẹ́ńjìnnì bíi ti àwọn mìíràn. Ó ní tánkì tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, lábẹ́ ìjókòó. Bí o bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ibi méjì ni wàá ti tú u, ìdí tánkì àti ìdí ẹ́ńjìnnì. Bí alùpùpù bá ti jókòó pẹ́, ọ́ìlì máa ń rọra jò láti tánkì sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ́ńjìnnì, ọ̀pá ìwọ̀n á sì fi hàn bíi pé kò sí ọ́ìlì. Ẹni tí kò mọ̀ á tún bu lítà méjì kún un, ibi gbogbo á sì kún àkúnwọ́sílẹ̀. Jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí o pa á, kí o tó wọ̀n ọ́n. Lítà 3.5 ni gbogbo rẹ̀.

Táyà ńkọ́? Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta táyà ọ̀kadà fún ọ. Iwájú rẹ̀ jẹ́ 3.25-19, ẹ̀yìn jẹ́ 4.00-18, alùpùpù yìí sì lè sáré dé nǹkan bí 200 kìlómítà ní wákàtí kan, bí ìwọ kò tilẹ̀ ní í sáré bẹ́ẹ̀. Wo lẹ́tà ìparí lára táyà: H ló gba 210, L kò gbà ju 120 lọ. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni wọ́n gbé wá fún ọ, ka nọ́ńbà mẹ́rin tí ó wà lẹ́yìn DOT; 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Èyí tí ó ti ju ọdún mẹ́fà tàbí méje lọ, èmi kì í gbé e wọ ọ̀nà.

Bíréèkì iwájú náà ní ìwà tirẹ̀. Àwo irin tí bíréèkì náà ń há mọ́ kì í dógùn-ún, ṣùgbọ́n bí òjò bá lù ú, wàá fa ọwọ́ bíréèkì, kò ní í mú lójú ẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ nu omi ara rẹ̀ kúrò. Ní oṣù tí òjò ń rọ̀ bí òní yìí, máa fà á díẹ̀díẹ̀ kí o tó dé ibi tí o fẹ́ dúró sí. Bí alùpùpù bá sì ti sùn fún ọdún 11, tú písítìnì bíréèkì yẹn jáde kí o pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀. Má gùn ún sọ̀ kalẹ̀ láti Mókólá kí o tó ṣe èyí. Mo bẹ̀ ọ́.

Bàbá Rìwáyà Àgódi dáhùn pé:

Túndé ọmọ mi, ọ̀rọ̀ bíréèkì àti ọ́ìlì tí o sọ yẹn, wúrà ni. Ní ti Dyna S, n kò sọ pé kò dára. Ohun tí mo ń wò ni pé ó ń gba iná púpọ̀ lọ́wọ́ bátìrì ju kọ́ńtáàtì lọ, Adúkẹ́ sì ti ṣàlàyé bí iná tí ẹ̀rọ yìí ń pèsè ṣe kéré tó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Bí ó bá kú lọ́nà Ọ̀yọ́, kò sí ohun tí o lè ṣe sí i ju kí o wá ọkọ̀ tí yóò gbé e. Bí kọ́ńtáàtì bá kú, sáńpépà kékeré àti sukudiráfà á gbé ọ délé. Ẹni tí ó bá ń gùn ún lójoojúmọ́ lè fi Dyna S sí i. Ẹni tí ó ń gbé e jáde ní ọjọ́ Sátidé fún bàbá rẹ̀, kí ó fi ohun tí bàbá náà mọ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe wà.

Àkànní Òkè-Àdó dáhùn pé:

Ẹ̀yin Bàbá, Ẹ̀gbọ́n Túndé, Arábìnrin Adúkẹ́, mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ṣe ìdánwò náà ní àná.

Ní kété tí mo ṣí ìdérí náà ni mo ti rí i pé kọndẹ́ńsà méjèèjì kò jọ ara wọn. Ti ìyeyè mọ́ra, ó wọ àyè rẹ̀ dáadáa. Ti búlúù tóbi jù, wọ́n sì fi wáyà dì í mọ́ ibẹ̀. Ojú kọ́ńtáàtì búlúù dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo pààrọ̀ ìdí wáyà wọn bí Bàbá ti wí, mo gùn ún láti Òkè-Àdó lọ sí Challenge, mo yí padà gba Ring Road, kí n sì tó délé, ohùn rẹ̀ ti yí. Mo ta omi sí páìpù. Lọ́tẹ̀ yìí, 2 àti 3 ni omi ń ṣàn lára wọn.

Mo gbé kọndẹ́ńsà ńlá náà wọlé lọ fi han bàbá mi. Wọ́n yí i sí ọ̀tún, wọ́n yí i sí òsì, wọ́n sì rántí: àwọn fúnra wọn ló fi í síbẹ̀, láti ara ọkọ̀ ìjàpá Volkswagen kan, ní ọjọ́ kan tí ti àtilẹ̀wá kú tí wọn kò rí òmíràn rà. Wọ́n ní ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó wá wà níbẹ̀ títí di òní. Wọ́n ní kí n bá àwọn kí Bàbá Rìwáyà.

Àbúrò mi tí ó wà ní Ìlú Ọba ti ṣètò láti fi kọndẹ́ńsà àti kọ́ńtáàtì tuntun ránṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, nígbà tí wọ́n bá dé, báwo ni mo ṣe máa tò wọ́n? Mẹkáníìkì wa sọ pé etí ni òun fi ń gbọ́ ọ, àti pé bẹ́ẹ̀ náà ni òun ṣe ń to tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àlàfo orí fáàfù. Ọ́ìlì tí mo rọ, Ẹ̀gbọ́n Túndé, ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni. Mo ti tú u dànù láti ibi méjèèjì. Mo ti tú bíréèkì náà palẹ̀ pẹ̀lú, písítìnì rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ inú.

Bàbá Rìwáyà Àgódi dáhùn pé:

Bá mi kí bàbá rẹ gan-an. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà kò burú, ó gbé wọn délé, ó sì tún gbé wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èmi náà ti fi ti ìjàpá sí ara alùpùpù rí.

Kí àbúrò rẹ tó ra kọ́ńtáàtì, yọ àwo tí ó wà níbẹ̀ kí o sì ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. TEC tàbí Daiichi, orúkọ àwọn tí ó ṣe é, ni wàá rí. Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn mu, nítorí náà irú tí àwo rẹ jẹ́ ni kí ó rà.

Etí kò lè gbọ́ ìwọ̀n tí kò nípọn tó ewé ìwé. Filagéèjì, àwọn ewé irin tín-ín-rín tí a fi ń wọn àlàfo, ni kí o lò. Tápẹ́ẹ̀tì ni kí o kọ́kọ́ tò, ní àárọ̀ kùtù, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti sùn mọ́jú: 0.05 mílímítà fún ti ẹ̀yìn tí epo ń gbà wọlé, 0.08 fún ti iwájú tí èéfín ń gbà jáde. Bí o bá tò ó nígbà tí ó gbóná, irin ti wú, ìwọ̀n náà kì í ṣe òótọ́ mọ́. Láti yí ẹ́ńjìnnì, nọ́ọ̀tì ńlá 23 tí ó wà láàárín àwo kọ́ńtáàtì ni kí o fi sípánà yí, sí apá tí ọwọ́ aago ń lọ. Bóòtì kékeré tí ó wà nínú rẹ̀ kò lágbára irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, á kán sínú, ẹkún á sì dé.

Lẹ́yìn náà ni kí o lọ sí kọ́ńtáàtì. Yí ẹ́ńjìnnì títí ti búlúù yóò fi ṣí dé góńgó, kí àlàfo rẹ̀ wà láàárín 0.3 sí 0.4 mílímítà, kí o ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti ìyeyè. Àlàfo ló gbọ́dọ̀ ṣáájú àkókò iná, nítorí bí o bá yí àlàfo padà, àkókò tí kọ́ńtáàtì ń ṣí náà á yí. Wá gílóòbù kékeré 12 fólítì kan, so ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mọ́ ìdí wáyà búlúù, so èkejì mọ́ ara irin ẹ́ńjìnnì, kí o sì tan iná. Rọra yí nọ́ọ̀tì ńlá náà. Ní ìgbà tí àmì F ti 1 àti 4, tí ó ń fi àkókò iná hàn, bá ṣe déédéé pẹ̀lú àmì ara ẹ́ńjìnnì ni gílóòbù gbọ́dọ̀ tàn. Bí ó bá yá jù tàbí pẹ́ jù, yí odidi àwo náà díẹ̀. Nígbà tí ti 1 àti 4 bá ti pé, wá ṣe ti 2 àti 3 pẹ̀lú wáyà ìyeyè, ṣùgbọ́n àwo kékeré tí ó gbé kọ́ńtáàtì yẹn nìkan ni wàá sún; bí o bá tún sún àwo ńlá, o ti ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Má jẹ́ kí iná wà ní títàn pẹ́ láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, nítorí bí kọ́ńtáàtì bá wà ní pípadé, kọ́ìlì á máa gbóná lásán. Yóò gbà ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ kan gbáko ní ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá fi sùúrù pa èèrà ló ń rí ìfun inú rẹ̀.

Kí o tó gun òkè Mókólá, ohun kan ṣoṣo ló kù tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ. Ṣéènì 530 ló ń lò, ti ọ̀kadà kò bá a mu. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ tí CB750 jáde, ṣéènì àwọn kan já, ó sì fọ́ ara ẹ́ńjìnnì níbi tí ó ti ń yí jáde. Èyí tí ó wà lára rẹ ti sùn pẹ̀lú rẹ̀ fún ọdún 11, nítorí náà ra tuntun. Gbé alùpùpù náà sórí ẹsẹ̀ àárín, yí táyà ẹ̀yìn títí wàá fi dé ibi tí ṣéènì ti le jù, ibẹ̀ ni kí o ti fi rúlà wọ̀n ọ́n, kí ó máa mì sókè sódò ní nǹkan bí 20 mílímítà.